Ẹ̀kọ́ Ọ̀nà Jíjìn, Ẹlẹ́rìí Ìtòsí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú Ìlọrin yìí, mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Tanke, tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin lọ́sàn-án, tí ẹ tún di akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lóru. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ ní Táíwò, tí ẹsẹ̀ yín wà lórí ẹ̀rọ, tí etí yín wà lọ́dọ̀ olùkọ́. Mo kí ẹ̀yin ìyálọ́mọ ní Gáà-Akanbí tí ẹ ń dúró kí ọmọ sùn kí ẹ tó ṣí ìwé. Bí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ní New York lásìkò òtútù wọn, aago kan òru ló jẹ́ ní Ìlọrin. Ẹni tó bá dìde ní aago kan òru nítorí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tó fi owó oúnjẹ ra dátà, tí kò sì mọ ìgbà tí iná yóò lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀lẹ lójú mi.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ fún yín nínú ìjọ. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ fóònù kì í ṣe ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò bá gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn Ìgbájà tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún mélòó kan kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ pé òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Kristẹni ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè, ó ní kí wọ́n kà á tán, kí wọ́n rí i pé wọ́n kà á fún ìjọ Laodikéà pẹ̀lú, kí àwọn náà sì gba èyí tó ti Laodikéà wá kà. Nínú ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ kò tíì fojú kàn án rí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ń yí padà, iṣẹ́ náà kò dúró. Ní 1901 ni Moody Bible Institute ní Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ́ Bíbélì ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn nínú lẹ́tà. Ní 1954, rédíò ELWA bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti Monrovia ní Làìbéríà, èdè Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tó fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ baba àti ìyá ní abúlé Kwara ló jókòó ti rédíò yẹn, tí wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ tí kò sí olùkọ́ kankan tó lè rin ìrìn-àjò dé ọ̀dọ̀ wọn láti sọ. Ogun Làìbéríà ba ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ní 1990. Ní ilẹ̀ wa níbí, Ààrẹ Shagari dá yunifásítì ọ̀nà jíjìn, NOUN, sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọbásanjọ́ sì jí i dìde ní 2001. Lónìí ó ní ibùdó ní Ìlọrin, ó sì ń kọ́ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni títí dé orí oyè. Nítorí náà ẹ má tijú. Ọ̀nà tí ẹ gbà kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe ọ̀nà. Ẹni tó ń dá rìn lójú ọ̀nà ni mo ń bẹ̀rù fún. Mo sì fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín kí ẹ lè mọ ohun tí mo ń wí, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará wa rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiyín mu wẹ́kú.

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tó pa ènìyàn káàkiri ayé dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ kóra jọ, wọ́n ń gbàdúrà. J. B. Ṣadare ni aṣáájú wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, Sophia Ọdúnlámì, wà láàárín wọn, ó sì ń sọ ohun tí Ọlọ́run fi hàn án. Wọ́n di ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Precious Stone, àwọn mìíràn a máa pè é ní Diamond Society. Ebi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń pa wọ́n. Wọ́n ń béèrè nípa ìwòsàn tó ti ọwọ́ àdúrà wá, nípa ìrìbọmi, nípa bí ó ṣe yẹ kí onígbàgbọ́ máa gbé ayé rẹ̀, wọn kò sì rí ẹni nítòsí tó ń dá wọn lóhùn dé ibi tí ọkàn wọn fẹ́.

Àsìkò yẹn ni ìwé ìròyìn kan bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Sword of the Spirit, tí ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀. D. O. Odùbánjọ tó ń gbé ní Èkó wà lára àwọn tó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sọ́hùn-ún. Èsì ń padà bọ̀. Lẹ́tà, ìwé ìròyìn, ìwé pẹlẹbẹ, inú ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Pásítọ̀ Ambrose Clark ló ń darí ìjọ náà ní Philadelphia. Ìjọ yẹn kò rán míṣọ́nnárì kan ṣoṣo wá sí Nàìjíríà. Síbẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tó ń jẹ́ Faith Tabernacle ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Iléṣà. I. B. Akínyẹlé tó wà lára àwọn aṣáájú wọn ní Ìbàdàn, òun náà ló kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn, òun náà ló sì wá jọba Olúbàdàn ní 1955. Wọn kì í ṣe òpè. Ènìyàn tó mọ̀wé, tó ní láárí láwùjọ ni wọ́n, wọ́n sì gba ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì láti inú àpò lẹ́tà, ní ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ sẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lójú wọn. Faith Tabernacle ní kí onígbàgbọ́ má lo oògùn rárá, bóyá ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó. Ó ní kí wọ́n má ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Wọ́n gbà á, wọ́n sì fi ayé wọn ṣe é. Nígbà tó di 1922, ọ̀rọ̀ náà ti le débi pé wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣadare fi àga rẹ̀ nínú síńọ́dù sílẹ̀. Ẹ ronú sí i: olùkọ́ kan tí kò mọ ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, tí kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn, ló kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ yẹn sì mú kí ọmọ fi ìjọ tí wọ́n ti ri baba rẹ̀ bọmi sílẹ̀. Agbára tí ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ní nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó wà nínú fóònù yín.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Láàárín 1925 sí 1926, ẹ̀sùn dìde sí Clark nínú ìjọ rẹ̀ ní Philadelphia. Ìjọ náà pín. Ó kúrò, ó sì lọ dá ìjọ mìíràn sílẹ̀. Ẹ wo ipò tí àwọn ará Nàìjíríà bá ara wọn. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ kan ní Sábó-Òkè, kí ọjọ́ tó ṣú, ẹ ti lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tọ̀tún, kí ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tòsì, kí ẹ wo ojú àwọn méjèèjì bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà nìkan ni wọ́n ní, lẹ́tà yẹn sì ń pẹ́ lójú omi. Wọn kò rí ojú olùkọ́ wọn rí, wọn kò rí ojú àwọn tó ń bá a jà rí. Ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ ọkàn wọn, wọn kò lè sọ bóyá olódodo ni tàbí kì í ṣe olódodo.

Kí ló wá mú kí wọ́n má túká? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi. Wọ́n ní ara wọn. Ṣadare mọ Odùbánjọ, Odùbánjọ mọ Akínyẹlé, wọ́n mọ ilé ara wọn, wọ́n mọ ìṣe ara wọn. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ti ń gbàdúrà pọ̀ kí ìwé ìròyìn kankan tó dé. Wọ́n sì ní Bíbélì lédè Yorùbá, odindi, látọdún 1884, tí àgbà wọn àti ọmọdé wọn lè ṣí kí wọ́n sì fi wo ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ láti Philadelphia. Olùkọ́ ọ̀nà jíjìn lọ, ẹlẹ́rìí ìtòsí kù. Ní 1929, àwọn tó kù yìí ri ọ̀dọ́kùnrin kan bọmi ní Èkó. Ọmọ Kwara níbí ni, Odò-Ọ̀wà ni wọ́n ti bí i ní 1904, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ojú títì mọ́lẹ̀ kí Ọlọ́run tó pè é. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni orúkọ rẹ̀. Ní July 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè ní Iléṣà láti ọwọ́ rẹ̀. Ká ní àwọn ará Faith Tabernacle túká nígbà tí Philadelphia dàrú ni, kò ní sí ilé tí yóò gbà á.

Èmi kò ní fi apá kejì ìtàn náà pamọ́ fún yín, nítorí òtítọ́ ni. Ẹ̀kọ́ oògùn yẹn kò bá Clark lọ. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church ti Bírítéènì dé ní 1931, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì nítorí ibà. Ọ̀rọ̀ kuníìnì yẹn wà lára ohun tó fa ìpínyà ńlá ní nǹkan bí 1939 sí 1941, tí àwọn kan fi dúró sí Apostolic Church, tí àwọn yòókù sì di Christ Apostolic Church, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ àwọn baba wọ̀nyẹn, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run dáhùn àdúrà wọn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ mi ni pé ẹ̀kọ́ tí a gbà láti òkèèrè, tí a kò jókòó yẹ̀ wò délẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbà á, máa ń jà lẹ́yìn ogún ọdún láàárín ọmọ ìyá. Bí ibà bá ṣe yín, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí tiyín.

Ẹni tó ń kọ́ yín lórí Zoom ní aago kan òru yẹn, ta ni? Mi ò béèrè iye ènìyàn tó ń tẹ̀ lé e lórí YouTube. Mo ń béèrè ìjọ tó wà, ẹni tó lè bá a wí, ẹni tó fi ọwọ́ lé e lórí, ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń sọ nípa rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dáhùn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ọ̀nà jíjìn kì í jẹ́ ká mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì fi ìwọ̀n gba ohun tó bá sọ. Àwọn ará Bèríà gba ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù tayọ̀tayọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣí Ìwé Mímọ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Lúùkù yìn wọ́n fún un. Bí a bá lè yẹ Pọ́ọ̀lù wò, ta ni olùkọ́ orí fóònù tí a kò ní yẹ̀ wò?

Ẹ tún wo ìwẹ̀fà ará Etiópíà. Ó ní ìwé lọ́wọ́, ó ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin tirẹ̀, ó ní àyè láti kàwé lójú ọ̀nà gígùn, ó sì ń ka Àìsáyà. Kò yé e. Fílípì ní láti gòkè sínú kẹ̀kẹ́ náà, kó jókòó tì í. Àpólò ní tirẹ̀ mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, ó sì ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ní Éfésù, Àkúílà àti Pírísílà, tọkọtaya tó ń pa àgọ́, gbọ́ ọ, wọ́n rí ibi tó kù sí, wọ́n sì mú un wọlé, wọ́n ṣàlàyé fún un. Wọn kò dójú tì í níwájú ìjọ. Ohun tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù yín ní nìyẹn: ẹni tó lè jókòó tì yín, ẹni tó lè mú yín wọlé. Ó lè jẹ́ pásítọ̀ yín. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin tí kò mọ bí a ti ń ṣí Zoom, ṣùgbọ́n tó ti ka Bíbélì rẹ̀ títí ìwé náà fi ya.

Bí ẹ bá ti kẹ́kọ̀ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tán, ẹ sọ ọ́ lédè Yorùbá fún ẹnì kan nínú ilé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín bó ti ń ṣa ẹ̀wà. Bó bá bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò lè dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e padà lọ bá olùkọ́ yín ní kíláàsì. Mo ti rí i pé ìbéèrè àwọn ìyá wa máa ń ṣòro ju ìbéèrè ìdánwò lọ, nítorí wọn kì í béèrè kí wọ́n lè gba máàkì. Inú ilé, lọ́wọ́ Lóìsì ìyá àgbà rẹ̀ àti Yùníìsì ìyá rẹ̀, ni ìgbàgbọ́ Tímótì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àti ìyá àgbà yín kì í ṣe ẹni tí ẹ máa fi ìmọ̀ tuntun dójú tì.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá ńkọ́? Mo gbọ́ pé àwọn kan ń gbé ìbéèrè olùkọ́ sínú ChatGPT, wọ́n á da ìdáhùn rẹ̀ kọ, wọ́n á fi ránṣẹ́, wọ́n á gba máàkì. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Mi ò ní kí ẹ má bi ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ rárá. Ó lè wá ibi tí ẹsẹ kan wà fún yín, ó lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó le. Ṣùgbọ́n ó tún lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwàásù tí ẹ̀rọ kọ fún yín kò ní wà lọ́kàn yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń kú lọ ní ilé ìwòsàn, tí nẹ́tíwọ̀kì kò sì sí. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi irọ́ gba máàkì rẹ̀.

Ó tún kan ọ̀rọ̀ oyè. Mo rí ìpolówó lórí fóònù tó ní kí ènìyàn san owó, kó sì di Dókítà nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ sá fún un. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ẹ̀kọ́ ìsìn kì í ṣe ohun àfowórà. Byang Kato, ọmọ Kwoi ní Kàdúná, wá sí Ìgbájà ní 1955, ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ títí di 1957. Ó lọ kàwé sí i ní London, ó padà wá kọ́ni ní Ìgbájà, lẹ́yìn náà ló lọ sí Dallas ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní nǹkan bí 1973. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bí ọdún méjìdínlógún ló wà láàárín ọjọ́ tó wọ Ìgbájà àti ọjọ́ tí wọ́n pè é ní ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ ìjọ sì wà lọ́rùn rẹ̀ nínú àwọn ọdún yẹn. Òkun gbé e lọ ní Mombasa ní December 1975, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ó ti ń fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn ní Áfíríkà ní òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé yóò bọ̀wọ̀ fún, nígbà tó sì di 1976, àjọ tó ń ṣe òṣùwọ̀n náà, ACTEA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní ACTEA ni, ẹ wo orúkọ wọn nínú àkójọ ACTEA. Bí wọ́n bá ní oyè yunifásítì Nàìjíríà ni, NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ní àkójọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìmọ̀ nìkan ni ẹ ń wá, tí ẹ kò wá oyè, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó dára wà lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan àwọn ìwé ẹ̀kọ́ NOUN tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ilé yín nítorí bébà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìlú tí ẹ wà pẹ̀lú, nítorí olùkọ́ yín ní Texas tàbí ní London kò mọ Ìlọrin. Ìlú Mùsùlùmí ni. Inú ilé kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní Músá àti Mósè. Olùkọ́ òkèèrè lè sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìsìn ẹlòmíràn ní kíláàsì, kí ó parí síbẹ̀ lójú tirẹ̀. Bí ẹ bá gé fídíò rẹ̀, tí ẹ jù ú sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ní Ìlọrin, ọ̀tọ̀ ni ohun tó máa dà. Ẹ rántí ọdún 2021, nígbà tí ọ̀rọ̀ bóyá kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa lo híjáàbù dé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀. Ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní oṣù March, òkò fò níwájú ilé-ẹ̀kọ́ Baptist ní Sùúrùlérè, Kristẹni àti Mùsùlùmí ń sọ òkò lu ara wọn.

Àjàyí Crowther ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1821, àwọn tó kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ó sọ pé Fúlàní àti Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà nínú wọn. Nígbà tó fi máa di 1871 mọ́ 1872, ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ó sì gba orí ilẹ̀ láti Lọ́kọ́ja lọ sí Bídà, kí ó tó gba Ìlọrin lọ sí Èkó. Ní ààfin Ìlọrin, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ba ìlú rẹ̀ jẹ́, ní ìdí láti fi ẹnu mú wọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣí apá Bíbélì tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá, ó jẹ́ kí Ìwé náà dáhùn. Kò bú wòlíì wọn. Ó ti bá wọn jiyàn rí nígbà èwe rẹ̀ ní Sierra Leone, ó sì sọ nígbà tó dàgbà pé àríyànjiyàn yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbà á, ó sì kọjá ní àlàáfíà.

Ẹ kọ́ ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìgbàgbọ́ yín fún aládùúgbò Mùsùlùmí yín ní Ọjà-Ọba, ẹ lọ kí i lójúkojú, ẹ jẹ́ kó rí ojú yín, kó rí bí ẹ ṣe ń hùwà sí ìyá rẹ̀, kó sì béèrè ohun tó bá fẹ́ béèrè. Ẹ má fi fídíò àjèjì jà fún Ọlọ́run.

Nísinsìnyí, ohun tí mo ń bẹ̀ yín. Kí kíláàsì yín tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bá pásítọ̀ ìjọ yín. Ẹ má lọ bí ẹni tó fẹ́ fi ìwé-ẹ̀rí hàn án. Ẹ sọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà fún un, ẹ sọ orúkọ olùkọ́, ẹ fi ìwé ẹ̀kọ́ hàn án, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó yan ẹnì kan tí ẹ ó máa jókòó pẹ̀lú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti yẹ ohun tí ẹ kọ́ wò. Bí ẹ bá tó mẹ́ta mẹ́rin ládùúgbò kan, ẹ máa pàdé pọ̀, kódà bí ilé-ẹ̀kọ́ yín kò bá jọ ara wọn. Ọ̀kan nínú yín lè ra dátà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí gbogbo yín jọ gbọ́ ọ lórí fóònù kan.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti alàgbà ìjọ ní Ìlọrin, tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọwọ́ yín, mo bẹ ẹ̀yin náà. Ẹ má fi àwọn ọmọ yìí ṣe ẹlẹ́yà lórí pẹpẹ. Bí ẹ bá lé wọn, inú fóònù nìkan ni wọn yóò máa gbé, ẹni tí ẹ kò mọ̀ ni yóò sì máa tọ́ wọn. Yàrá tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ń lò ṣófo ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ ṣí i fún wọn, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí méjì, kí alàgbà kan sì jókòó láàárín wọn pẹ̀lú Bíbélì Yorùbá rẹ̀.